Ta Ló Ti Ìdérí Ọkọ̀ Mọ́ Ayọ̀rìndé?

Abọ́ páànù kan ni Inspẹ́kítọ̀ Abísọ́lá gbé wọlé láàárọ̀ Mọ́ńdè yẹn. Ó fi ìwé ìròyìn wé e, ó gbé e ka orí tábìlì Mùíbátù jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ọmọ tuntun kalẹ̀. Ó tú ìwé náà.

Résíìnì, oje kẹ́míkà tí àwọn oníṣẹ́ fáíbà ń lò, ti gan sínú abọ́ náà bí òkúta. Ó ti pọ́n bí epo tó jóná, ó sì sán láti etí kan dé èkejì. Nǹkan pẹlẹbẹ kan, aláwọ̀ ìyeyè, yọrí sókè láàárín rẹ̀.

“Ìyá, ẹ mọ nǹkan yìí?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ ò tíì wò ó tán tí ẹ fi dáhùn.”

Mùíbátù ti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ abẹ́ ìborùn. Inspẹ́kítọ̀ rí i. Obìnrin kúkurú ni, ojú rẹ̀ kéré, ó sì máa ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ló ń rí abẹ́rẹ́ nínú yanrìn.

Láti ọjọ́ Jímọ̀ ni oorun ti kọ Mùíbátù sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Àlájì Láwàlì, wà ní àtìmọ́lé ọlọ́pàá ní Sàngó. Wọ́n ní òun ló la nǹkan mọ́ Ayọ̀rìndé oníṣẹ́ fáíbà lórí, tó sì tì í mọ́ inú ọkọ̀ ojú omi kí òórùn kẹ́míkà lè parí iṣẹ́ tó kù. Ayọ̀rìndé kò kú, ṣùgbọ́n kò lajú. Ó wà ní ọsibítù, ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Tí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́, wọ́n á gbé Àlájì lọ sí kóòtù, láti kóòtù wọ́n á gbé e wọ ẹ̀wọ̀n ní Abẹ́òkúta. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra!

Síbẹ̀ ẹ̀wọ̀n kọ́ ló ń ba Mùíbátù lẹ́rù jù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù, kò lè sọ ọ́ fún ọmọ, kò lè sọ ọ́ fún aládùúgbò, kò tilẹ̀ lè sọ ọ́ lórí ẹní ìrun. Ẹ̀rù ń bà á pé Àlájì ló ṣe é lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Láwàlì fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ irin ní Ọ̀tà, títí ariwo ẹ̀rọ fi pa etí òsì rẹ̀. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, ó ní ohun kan ṣoṣo ló kù tí òun ń wá láyé: ọkọ̀ ìgbòkun kékeré, èyí tí atẹ́gùn ń tì lórí omi, tí kò ní ẹ́ńjìnnì tí yóò máa pariwo mọ́ òun. Etí ọ̀sà Badagry ló gbé dàgbà lọ́dọ̀ àwọn èèyàn ìyá rẹ̀. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ta ìgbòkun kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́. Àwọn ará àdúgbò fi ṣẹ̀sín títí. “Àlájì, Ọ̀tà la wà o! Ṣé ojú ọ̀nà Ìdíìrókò lẹ fẹ́ ta ìgbòkun sí?” Òun náà á ní, “Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ ná, ẹ ó wá máa bẹ̀ mí pé kí n gbé yín.”

Ọkọ̀ méjì ló wà níwájú rẹ̀ nígbà náà. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Cornelius, ọkùnrin Ègùn kan tó ń ta ọkọ̀ ojú omi àlòkù nínú ọgbà rẹ̀ lójú ọ̀nà Ìdíìrókò. Ó funfun bí ẹyin, ó ń dán, ó pọ́ọ́kú, ó kù kí wọ́n tì í sómi ni. Èkejì jókòó sínú koríko lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Ayọ̀rìndé ní Ìjù, níbi tí Ayọ̀rìndé ti ń fi fáíbà ṣe táǹkì omi. Ọdún mọ́kànlá ni ẹni tó ni ín ti pa á tì. Ewúro hù nínú rẹ̀, aláǹgbá pamọ síbẹ̀, ara rẹ̀ kìkì egbò. Òun ni Láwàlì mú. Ó ní, “Ìyá Fáìzàh, èyí kò fi egbò kankan pa mọ́ fún mi. Àrùn tí mo bá ti fojú rí, mo lè wò ó.”

Oṣù mẹ́rin ló pè é. Ó di oṣù mẹ́rìnlá. Bí wọ́n ṣe ń dí ihò kan ni wọ́n ń rí méjì. Ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn sùúrù tán. Agogo méjìlá ọ̀sán, gbogbo àwọn tó ń yọ búlọ́ọ̀kù lódìkejì ọ̀nà gbọ́ ohùn Àlájì: òun ò ṣe mọ́, òun ń lọ ra ti Cornelius lọ́la. Ayọ̀rìndé ní kó má rà á, pé òun ní nǹkan láti fi hàn án. Àlájì kò gbọ́. Ó figbe ta, “Inú ọkọ̀ yìí ni wàá kú sí!” Ó bọ́ sí ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó ń fa ẹsẹ̀ bí ẹni tí inú ń bí sí ilẹ̀.

Nígbà tí Mùíbátù gbọ́, ó se ìrẹsì, ó gbé e lọ sí Ìjù láti fi bẹ Ayọ̀rìndé. Agogo méjì àbọ̀ ti kọjá díẹ̀ nígbà tó débẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Ìdérí ihò tí wọ́n ń gbà wọ inú ọkọ̀ wà ní títì, àgádágodo ọkọ òun ló sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ padà. Ìgbà náà ló gbọ́ ọ lábẹ́ ìdérí: họ, họ, họ, bí eku tó ń họ pákó. Lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ariwo tó pa ló kó àwọn oníbúlọ́ọ̀kù jáde, àwọn ló fi òòlù fọ́ àgádágodo náà.

“Ìyá,” Inspẹ́kítọ̀ Abísọ́lá tún ní, “ọwọ́ yín dà?”

“Ọwọ́ wo?”

“Ọ̀tún. Òsì lẹ fi ṣílẹ̀kùn fún mi, òsì lẹ fi bu omi fún mi. Mùsùlùmí tó ti lọ Mẹ́kà, ẹ fi ọwọ́ òsì fún àlejò lómi? Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n rí i.”

Mùíbátù wò ó títí. Ó yọ ọwọ́ náà jáde díẹ̀díẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti lé ròrò, awọ rẹ̀ ti bó.

“Kí ló jó yín?”

“Ìkòkò ọbẹ̀.”

“Ìkòkò ọbẹ̀ kì í jóni yíká bí òṣùpá báyìí. Ìdí abọ́ ló jọ.” Ó rọra gbé abọ́ páànù náà, ó gbé e súnmọ́ àtẹ́lẹwọ́ Mùíbátù. Ojú egbò àti ìdí abọ́ bára mu rẹ́gí. “Ẹ sọ fún Kọ́pùrù mi lọ́jọ́ Jímọ̀ pé ẹ kò fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ọkọ̀ yẹn. Kí nìdí tẹ́ ẹ fi purọ́?”

Omi lé sí ojú Mùíbátù. Ó dìde, ó lọ sí yàrá, ó sì mú tẹ̀súbáà kan jáde. Ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ dúdú, òwú aláwọ̀ ewé ló wà ní ìparí rẹ̀.

“Ti Àlájì ni,” ó ní. “Èmi ni mo kọ́kọ́ wọ inú ọkọ̀. Mo gbé abọ́ kúrò lójú ọ̀nà, ó jó mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo rí tẹ̀súbáà yìí nítòsí ẹsẹ̀ Ayọ̀rìndé. Mo jù ú sí àyà. Tí mo bá sọ pé mo fọwọ́ kan abọ́, wọ́n á bi mí pé kí ni mo tún fọwọ́ kàn. Inspẹ́kítọ̀, ẹ ṣàánú mi. Èmi fúnra mi ni mo fi í lé yín lọ́wọ́ báyìí.”

Ó retí pé obìnrin náà yóò fò dìde. Inspẹ́kítọ̀ kàn mu omi rẹ̀ tán.

“Oṣù mẹ́rìnlá ni Àlájì fi ń wọ inú ọkọ̀ yẹn lójoojúmọ́, àbí? Tí mi ò bá bá nǹkan rẹ̀ níbẹ̀ ni ẹnu ì bá yà mí. Ẹ fi tẹ̀súbáà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ abọ́ ni kí á sọ. Ó gbóná?”

“Ó gbóná bí ààrò.”

“Kò sí iná lábẹ́ rẹ̀?”

“Kò sí iná. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi bà mí jù. Mo ní àwọn tó ti ń gbé inú ọkọ̀ àpatì yẹn láti ọjọ́ pípẹ́ ló ń bínú.”

“Àwọn wọ̀nyẹn kì í lo abọ́ páànù,” Inspẹ́kítọ̀ ní. Ó mú àgádágodo kan jáde lápò, ó ṣí i sílẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó dún kà. “Kọ́pùrù mi ní Àlájì nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́. Ṣé mo lo kọ́kọ́rọ́ báyìí? Ẹni tó fẹ́ ṣí i ló nílò kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó fẹ́ tì í, àtàǹpàkò ti tó. Ẹ wọ bàtà yín, Ìyá. A ń lọ sí Ìjù.”

*

Ní ṣọ́ọ̀bù, Olúwabùkúnmi, ìyàwó Ayọ̀rìndé, ló pàdé wọn. Ó ti ọsibítù dé láti kó aṣọ. Bó ṣe rí Mùíbátù, ó da aṣọ sílẹ̀.

“Kí lobìnrin yìí ń wá níbí? Ṣé ó wá wò ó bóyá ọkọ òun gbàgbé nǹkan kan ni?”

“Bùkúnmi, jọ̀ọ́...”

“Ẹ má pe orúkọ mi! Ìrẹsì lẹ gbé wá! Ọkọ yín fọ́ ọkọ mi lórí, ẹ̀yin gbé ìrẹsì tẹ̀ lé e. Ẹ kú ìnáwó o!”

Kí ni Mùíbátù yóò sọ? Pé ọkọ òun kò ṣe é? Ẹnu rẹ̀ kọ̀ láti sọ ọ́.

Inspẹ́kítọ̀ jẹ́ kí inú obìnrin náà rọlẹ̀ díẹ̀, kó tó gbé abọ́ síwájú rẹ̀. “Màmá, ẹ̀yin lẹ máa ń bá ọ̀gá po résíìnì. Ẹ bá mi wo èyí. Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni?”

Olúwabùkúnmi yí abọ́ náà sọ́tùn-ún sósì. Ìbínú ojú rẹ̀ yí padà di nǹkan mìíràn. “Ta ló po ìranù yìí?”

“Kí ló dé?”

“Ó jóná ni! Tí ẹ bá bu résíìnì, hádínà díẹ̀ báyìí lẹ máa kán sí i, kó lè gan. Nínú oòrùn Ọ̀tà yìí, ìdérí ìgò kan kò kún. Tó bá pọ̀ jù, á máa hó fúnra rẹ̀, á rú èéfín, á sán bí èyí. Ogún ọdún ni ọkọ mi ti ń ṣe fáíbà, kò po abọ́ kan jóná rí.” Ó tọ́ka sí nǹkan ìyeyè náà. “Kí sì ni mo fẹ́ fi èyí ṣe? Igi la fi ń rò ó.”

“Tó bá hó bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe máa pẹ́ tó kó tó tutù?”

“Bí wákàtí kan, kò jù bẹ́ẹ̀.”

Inspẹ́kítọ̀ kọjú sí Mùíbátù. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ojú rẹ̀ là dáadáa.

“Ẹ gbọ́, ẹ̀yin méjèèjì. Kọ́pùrù mi ní agogo méjìlá ni Àlájì ṣe é, nígbà tí wọ́n ń jà. Tó bá jẹ́ agogo méjìlá ni wọ́n po abọ́ yìí, ní agogo méjì kọjá ogójì ìṣẹ́jú tí Ìyá fọwọ́ kàn án, ì bá ti tutù bí òkú. Ó jó wọn. Ẹ̀yìn agogo kan àbọ̀ ni wọ́n pò ó. Níbo ni Àlájì wà ní ẹ̀yìn agogo kan àbọ̀? Mọ́ṣáláṣí. Wọ́n so yìgì ọmọ Ìmáàmù lẹ́yìn ìrun, òun ló sì jẹ́ ẹlẹ́rìí. Igba èèyàn ló rí i títí di agogo mẹ́ta.”

Mùíbátù jókòó sórí táǹkì tí wọn kò tíì kùn. Ọpẹ́ ló yẹ kó máa dá, ṣùgbọ́n ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni òun fi di ọwọ́ yìí sábẹ́ ìborùn.

“Tí kì í bá ṣe Àlájì,” Olúwabùkúnmi ní wẹ́rẹ́, “ẹni náà ṣì wà níta. Ó sì mọ ọsibítù tí ọkọ mi wà.”

“Ìdí nìyẹn tí ọlọ́pàá kan fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ láti àná,” Inspẹ́kítọ̀ dáhùn. “Kí ni ọ̀gá fẹ́ fi han Àlájì ní ọjọ́ Jímọ̀?”

“Ó lọ wo ọkọ̀ Cornelius ní Tọ́sìdeè. Nígbà tó dé, kò jẹun. Ó kàn ní, ‘Bùkúnmi, wọ́n fẹ́ pa Àlájì.’”

*

Cornelius rẹ́rìn-ín nígbà tó rí aṣọ ọlọ́pàá. Ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

“Madam, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ ra ọkọ̀ ni?”

“Tó bá dára.”

“Ẹ wò ó! Ẹ ò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan. Ẹ tì í sómi, ẹ ta ìgbòkun, ó parí. Àwọn tó ń tún àpatì ṣe, ìyà ló ń jẹ wọ́n.”

Lóòótọ́ ọkọ̀ náà rẹwà. Inspẹ́kítọ̀ súnmọ́ ọn, ó ká ìka rẹ̀ kò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án lára láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Kó, kó, kó. Cornelius ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e.

“Ìyá mi àgbà ta ìkòkò ní Adó-Odò,” obìnrin náà ní. “Wọn kì í wo ìkòkò. Wọ́n máa ń gbọ́ ọ ni.”

Kó, kó, kó. Ó dé ìsàlẹ̀ ikùn ọkọ̀, níbi tí omi yóò ti máa tì í. Bù. Ó tún kàn án. Bù, bù. Mùíbátù gbọ́ ọ dáadáa. Ohùn ìkòkò tó ti sán ni, èyí tí alámọ̀ tí kò ní Ọlọ́run ti fi nǹkan lẹ̀.

Inspẹ́kítọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jáde, ó họ ibẹ̀.

“Ẹ má ba ọkọ̀ mi jẹ́ o!”

Abẹ́ ọ̀dà funfun, nǹkan aláwọ̀ eérú ló ń bọ́ sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Kì í ṣe fáíbà. Bọ́dì fílà ni, èyí tí àwọn páńẹ́bítà fi ń dí ibi tí mọ́tò bá ti tẹ̀. Lára mọ́tò, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó dán lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan yìí ń mu omi. Tí ọkọ̀ bá lo wákàtí mélòó kan lórí ọ̀sà, á mu yó, á sì ṣí kúrò bí èèpá egbò, láàárín omi.

Mùíbátù rí Àlájì níbẹ̀, pẹ̀lú etí òsì tí kò gbọ́ràn, láàárín omi, tí kò gbọ́ ìgbà tó ń ṣí.

“Níbo lo wà lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀?” Inspẹ́kítọ̀ ti pa ọ̀wọ̀ tì.

“Ibí. Mi ò jáde.”

“Ẹni tó ń ta epo bẹntiróòlù lójúde rẹ ní mọ́tò rẹ jáde lágogo kan.”

“Alapoti ni mo lọ. Ọkùnrin kan fẹ́ ra ọkọ̀ náà.”

“Ọkọ̀ wo?”

“Èyí.”

“Èyí tí Àlájì fẹ́ wá mú ní Sátidé? O fẹ́ ta ọkọ̀ kan fún èèyàn méjì?”

“Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé... Madam, olè kékeré nìyẹn! Ẹ pe ọkùnrin náà, mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí di agogo mẹ́rin. Mi ò pa ẹnikẹ́ni!”

Ó fún Inspẹ́kítọ̀ ní nọ́ńbà, obìnrin náà pè é, ọkùnrin Alapoti náà sì jẹ́rìí. Mùíbátù rí ọ̀nà tó tún dí. Ó fẹ́ sunkún.

“Ta ló ṣe fílà yìí fún ọ?”

“Johnson, pẹ́ńtà kan ní Sàngó. Ó ní nǹkan kan náà ni àti mọ́tò. Òun náà ló ṣe ti èṣí.”

“Ti èṣí?”

Cornelius wo ilẹ̀. “Ẹni tó ra ti èṣí kò padà wálé. Wọ́n ní ìjì ni.”

Inspẹ́kítọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà sápò.

“Ayọ̀rìndé pè mí láàárọ̀ Jímọ̀,” Cornelius ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. “Ó ní òun ti họ ọkọ̀ mi, òun ti rí ohun tó pa ẹni èṣí. Mo sọ fún Johnson. Ó ní kí n má ṣèyọnu, òun á lọ bá a sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́.”

“Kì í ṣe ìrọ̀lẹ́ ló lọ,” Inspẹ́kítọ̀ ní.

*

Ọgbà àwọn mẹ́káníìkì ní Sàngó kún fún ariwo òòlù. Inspẹ́kítọ̀ kò wọ aṣọ ọlọ́pàá mọ́. Ó ti wọ bùbá. Ó ní kí Mùíbátù wá bí ẹni tó ni mọ́tò, Kọ́pùrù ló wa mọ́tò àtijọ́ kan tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ti tẹ̀.

Kí wọ́n tó kúrò ní àgọ́ ọlọ́pàá, Inspẹ́kítọ̀ ti fa nǹkan ìyeyè yẹn yọ nínú abọ́. Ó yọ wọ́ọ́rọ́, nítorí résíìnì kì í lẹ̀ mọ́ kẹ́ẹ̀gì. Ara kẹ́ẹ̀gì epo ni wọ́n ti gé e, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Gbogbo pẹ́ńtà tó wà lọ́gbà náà ló ní irú rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń tẹ́ fílà sí ara mọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan èyí ti jẹ ju èkejì lọ. Inspẹ́kítọ̀ fi ọwọ́ ọ̀tún mú un, kò bá ọwọ́ mu. Ó fi òsì mú un, ó jókòó síbẹ̀.

Johnson sanra, ó máa ń rẹ́rìn-ín. “Ìyá mi, ẹ jókòó. Ìlẹ̀kùn yìí? Kékeré ni! Tí mo bá ṣe é tán, ẹ ò ní mọ ibi tó tẹ̀.”

“Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀,” Mùíbátù ní.

Johnson po fílà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí pẹ́ńtà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yá òun ní nǹkan ìtẹ́fílà, pé tòun ti sọnù láti ọjọ́ Jímọ̀. Ọkùnrin yẹn ní kó mú èyí tó bá wù ú lórí bẹ́ǹṣì. Márùn-ún ló wà níbẹ̀. Láìpẹ́ yìí, mẹ́rin ni wọ́n. Inspẹ́kítọ̀ ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì náà lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó ń wá ibi ìtura.

Johnson ń bá Mùíbátù sọ̀rọ̀ oòrùn, kò wo ẹ̀yìn. Ó na ọwọ́ òsì. Ọwọ́ náà kan ti àkọ́kọ́, ó fi í sílẹ̀. Ó kan èkejì, ó fi í sílẹ̀. Ó kan ẹ̀kẹta, ó dì í mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àgbẹ̀ kì í tan iná kó tó mọ ọkọ́ rẹ̀.

Ó ti tẹ́ ẹ tó ẹ̀ẹ̀mẹta nígbà tí pẹ́ńtà kejì sọ̀rọ̀.

“Ha, Ọ̀gá Johnson! Tiyín kọ́ yẹn? Ṣebí ẹ ní ó sọnù?”

Ọwọ́ Johnson dúró lórí ìlẹ̀kùn. Ó wo nǹkan tó mú dání. Résíìnì pupa díẹ̀ ṣì wà nínú ihò tó wà létí rẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ sì bá ti Mùíbátù pàdé. Ẹ̀rín ti tán níbẹ̀. Nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì ló wà láàárín àwọn méjèèjì, agolo tínà tó ń gbaná bí epo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Johnson, iná tí wọ́n fi ń jó irin sì ń tàn lẹ́yìn. Mùíbátù rí i bó ṣe ń rò ó.

“Má ṣe é,” Inspẹ́kítọ̀ ní lẹ́yìn rẹ̀, láìgbé ohùn sókè. “Méjì ti tó ọ.”

Kọ́pùrù ti di apá rẹ̀ mú. Johnson jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú epo dúdú.

“Mi ò fẹ́ kó kú,” ó ní. “Mo kàn fẹ́ kó dákẹ́. Ó ní òun á sọ fún àwọn ẹbí ẹni èṣí. Mo tì í, ó fi orí gbá irin. Mo po résíìnì kí wọ́n lè rò pé òórùn ló gbé e ṣubú níbi iṣẹ́.”

“O sì ti ìdérí.”

“Ẹ̀rù ló bà mí.”

“Johnson, ta ló ń ti ìdérí mọ́ ẹni tí kò fẹ́ kó kú?”

Òòlù gbogbo ọgbà náà ti dákẹ́.

*

Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tú Àlájì Láwàlì sílẹ̀. Wọ́n fún un ní bẹ́líìtì rẹ̀, wọ́n fún un ní bàtà rẹ̀. Ó ti rù. Kọ́pùrù bẹ̀ ẹ́, òun náà ní kò sí nǹkan kan. Ìròyìn dé láti ọsibítù pé Ayọ̀rìndé ti lajú, ó ti béèrè omi. Àlájì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ní ọ̀dọ̀ rẹ̀ lòun máa kọ́kọ́ lọ, òun fẹ́ tọrọ àforíjì fún ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu òun.

Ó rìn jáde pẹ̀lú Mùíbátù. Wọ́n dé ibi tí àwọn kẹ̀kẹ́ Márúwá ń dúró sí.

“Ìyá Fáìzàh.”

“Bàbá Fáìzàh.”

“Inspẹ́kítọ̀ ní ìwọ lo tú mi sílẹ̀. Ó ní ohun tí o sọ láàárọ̀ òní ló tú u.”

“Ọlọ́run ni.”

“Láàárọ̀ òní.” Ó yí etí ọ̀tún, èyí tó ń gbọ́, sí i. “Mo jókòó síbẹ̀ láti ọjọ́ Jímọ̀. Mo ń sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀ pé, tí gbogbo ayé bá gbà pé èmi ni, ẹnì kan wà nílé tí kò ní gbà.”

Mùíbátù lè purọ́. Irọ́ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó dùn, ó ti ṣe tán. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó sì gbé e mì.

“Mo gbà,” ó ní. “Mo rò pé ìwọ ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbà á.”

Àlájì mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó gbọ́ iye tí wọ́n pe ọjà. Kẹ̀kẹ́ kan dúró. Ó wọlé, ó sún lọ dé ìparí ìjókòó kí ìyàwó rẹ̀ lè rí àyè.

Mùíbátù jókòó. Àyè náà fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Onímárúwá wo ẹ̀yìn, ó ní ẹnì kan ṣì lè wọ àárín wọn, ó sì ń pe èrò lọ.